Mẹ́rin ní Ihò Kejìlá

Kàbírù Àlàó kò tíì mu omi ọwọ́ rẹ̀ tán nígbà tí wọ́n pè é wọ ọ́fíìsì àwọn alábòójútó ìdíje. Ó rò pé wọ́n fẹ́ kí i kú oríire ni. Láti oṣù kejì ló ti ń bá ìdíje gọ́ọ̀fù onípò kejì kiri ìlú mẹ́fà. Ibi méjì ni ibà ti mú un. Níbì kan, ọ̀pá tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù kán mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú ọgọ́ta èèyàn tó bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta péré ló máa bọ́ sí ìdíje àgbà lọ́dún tó ń bọ̀, òun ló sì ṣe ẹ̀kẹta. Ó ti pe ìyá rẹ̀, Wàsílátù, tó jẹ́ télọ̀ ní Ìlá. Igbe "Alihamudulilahi" tí ìyá náà ké ṣì ń dún létí rẹ̀.

Obìnrin alábòójútó na káàdì sí i. "Ọ̀gbẹ́ni Àlàó, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ gbá bọ́ọ̀lù ní ihò kejìlá?"

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni, mà. Ó kọ́kọ́ wọ yanrìn."

"Márùn-ún náà ni ẹni wa tó ń ṣọ́ ihò yẹn kà. Ẹ wo ohun tó wà níbí."

Mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mẹ́rin gbagidi, Kàbírù sì ti fi ìkánjú ayọ̀ fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

Obed, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló kọ ọ́. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí iye tó gbá bá kéré jù ló ń borí, ẹni tí ẹ jọ ń gbá a ló sì ń kọ iye tí o gbá. Ìwọ náà á yẹ̀ ẹ́ wò, kó o tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fọwọ́ sí iye tó kéré sí èyí tó gbá, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, kò sí ẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ká ní wọ́n kọ márùn-ún gan-an, ipò kẹta náà ni Kàbírù ì bá wà.

Obìnrin náà ní wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ó ń wo ẹnu obìnrin náà tó ń mì, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Obed dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Ìgbájọ ni; ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn méjèèjì ti jọ ń gbé yàrá kan náà níbikíbi tí ìdíje bá gbé wọn dé. "Ọwọ́ mi ló ṣì í," ló wí, ó ń wo ilẹ̀. Òun tó ṣe ẹ̀kẹrin ló sì bọ́ sí ipò kẹta.

Nígbà tí Kàbírù délé, ìyá rẹ̀ bi í pé, "Bọ́ọ̀lù tó o gbá, wọ́n ní o ò gbá a ni?"

"Mo gbá a, Màámi. Iye tí wọ́n kọ ni kò pé. Obed ló ṣèèṣì."

Ìyá tó ti ròyìn fún gbogbo àdúgbò padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ lọ ràì, kò sì sí òwú lójú abẹ́rẹ́.

Lọ́sẹ̀ kẹta, lọ́sàn-án, Obed gun ọ̀kadà wá. Ìyá yọ̀ mọ́ ọn, ó gbé iyán ka iwájú rẹ̀. Obed kò fọwọ́ kàn án. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò, mi ò lè jẹ ẹ́. Kàbírù, ọwọ́ mi ò ṣì. Mo mọ̀ pé márùn-ún ni. Mo kọ mẹ́rin."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Kàbírù. Kò mọ ibi tó ti wá. Ó ń wo ìbọ̀sẹ̀ Obed, ó rí i pé ó wọ ọ̀kan sódì, kò sì lè gbójú kúrò níbẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Mo rí i pé mi ò lè bá ẹ mọ́. Mo ní tó o bá yẹ̀ ẹ́ wò, wàá rí i, màá ní àṣìṣe ni. O ò wò ó. O kàn fọwọ́ sí i."

"Àfi bíi pé èmi ni mo bí ọmọ yìí," ni ìyá ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Inú ilé yìí ló ń sùn nígbà Iléyá."

Obed ní òun ti kọ̀wé jẹ́wọ́ fáwọn alábòójútó. Kàbírù kò bú u, kò sì nà án. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní kí Obed lọ jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta, kò gbọ́dọ̀ bá wọn díje. Wọn kò dá ipò Kàbírù padà, torí òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí káàdì. Ọkùnrin kan tó ṣe ẹ̀karùn-ún, tí òun àti Kàbírù kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí, ló bọ́ sí ìdíje àgbà. Kàbírù ka lẹ́tà náà tán, ó tún un kà, bíi pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lè yí padà.

Bí oṣù kejì tí ìdíje onípò kejì tún máa bẹ̀rẹ̀ ṣe ń sún mọ́lé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ìyá dúró tì í.

"Ta lẹ máa jọ gbé yàrá lọ́tẹ̀ yìí?"

Kàbírù mú ìbọ̀sẹ̀ kan tó wà lódì, ó yí i padà. "Èmi nìkan ni, Màámi."