Àmín Ṣáájú Ìbéèrè

Ilé-ìwé ni mo ti ń bọ̀. Mo ti pariwo fún ọmọ ọlọ́mọ láti àárọ̀, ohùn mi ti há, ẹsẹ̀ mi ti wú. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń fẹ́ ni kí n nà gbalaja sórí àga gígùn tó wà ní pálọ̀ wa. Àbúrò mi ò jẹ́. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gbé fóònù dání, ó ń tẹ ọ̀rọ̀, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ èyí wò," ló wí. "'Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ọjà. Ilé ńkọ́? Ara ìyá àgbà ńkọ́? A ò ní rí ogun àìsàn o. Mo kàn ní kí n kí yín ni o, sà.' Ṣé kò le jù?"

"Kí ló le níbẹ̀? Ìbéèrè wo lo bi wọ́n?"

"Mi ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n á mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Wọ́n á mọ̀.

Iṣẹ́ àbúrò mi ni kó máa tún àwòrán àtijọ́ ṣe. Àwòrán tí òjò ti pa, tí ikán ti jẹ, tí wọ́n ti ká sínú àpótí títí ó fi ya, àwọn ènìyàn á fi ránṣẹ́ sí i. Á gbé e sórí kọ̀ǹpútà, á sì máa fi sùúrù dí ojú ihò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ojú ẹni náà yóò fi pé. Kò ní ọ̀gá, kò ní ọ́fíìsì, tábìlì tí a ti ń jẹun náà ni. Iṣẹ́ ọ̀hún kò nira fún un. Àwọn oníbàárà tó máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tó bá ku ìdáhùn kékeré kan péré ló ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Obìnrin kan ò tíì sọ bóyá pupa ni aṣọ tí òun wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun tàbí àwọ̀ ewé. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àbúrò mi ti ń kí ìyẹn, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá Oníbàtà ló ká mi lára jù. Àgbàlagbà ọkùnrin kan ni, ó ń ta bàtà. Ó fi àwòrán kan ṣoṣo tó ní nípa ìyá rẹ̀ ránṣẹ́. Omi ti jẹ ẹnu obìnrin náà, ó sì jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan mọ́ ọn. Ìgbà tí bàbá yìí wà lọ́mọ ọwọ́ ni ìyá rẹ̀ kú, kò mọ ojú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ló kù láyé, ẹ̀gbọ́n ìyá náà, arúgbó obìnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ Bàbá Oníbàtà. Arúgbó yìí ló ní kí wọ́n tún àwòrán náà ṣe. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, dókítà sì ti sọ pé kò sí nǹkan tí àwọn lè ṣe sí i mọ́. Ó ní òun fẹ́ rí àbúrò òun lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó ṣú tán.

Ohun tí àbúrò mi fẹ́ mọ̀ ò pọ̀. Ẹnu obìnrin náà, báwo ló ṣe rí? Ṣé ó ní èéjì? Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín ni, àbí ó pa ẹnu dé? Kò fẹ́ fi ẹnu ẹlòmíì sójú òkú olókùú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ó béèrè. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan, nínú ọ̀rọ̀ kan tó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Ìkíni ló ṣáájú, àdúrà tẹ̀ lé e, ìbéèrè wá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bàbá Oníbàtà fèsì lójú ẹsẹ̀: "Àmín o. O ṣé gan-an, ọmọ mi." Ó ti ṣe àmín kó tó dé ibi ìbéèrè.

Láti ọjọ́ náà, ìkíni nìkan ló kù. Àbúrò mi á kí i, bàbá á ṣe àmín. Nígbà mìíràn bàbá fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kí i: "Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ?" Àbúrò mi á ní, "A dúpẹ́, sà." Mo ní kó tún bi wọ́n. Ó ní àgbàlagbà kì í gbàgbé, bóyá wọ́n ṣì ń bi ìyá àgbà léèrè ni, tí òun bá tún sọ ọ́, á dà bíi pé òun ń lé wọn. Ó ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

"Ohun tí a ò mú rárá ńkọ́?" ni mo wí.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìkíni mìíràn. Èmi náà ò sì tẹ̀ síwájú, torí ó ti rẹ̀ mí.

Nígbà tó wá ka ìkíni ti ìrọ̀lẹ́ yìí fún mi, inú bí mi. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo pe bàbá.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ̀gbọ́n aláwòrán ni mí."

"Háà, ẹ kú ilé o! Ara aláwòrán wa ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le, sà. Ẹnu ìyá yín inú àwòrán yẹn, báwo ló ṣe rí?"

Àbúrò mi fọwọ́ bojú. Ìtìjú fẹ́ pa á pé n kò tilẹ̀ béèrè ilé.

"Ẹnu ìyá mi? Ṣé ohun tí ẹ ń dúró dè nìyẹn?"

"Òun ni, sà. Ó bi yín."

"Èmi gan-an ni mò ń dúró dè é! Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀hún ló le. Mo ní kí n má lọ máa lé ọmọ ọlọ́mọ, ni mo ṣe kàn ń kí i."

N kò mọ èyí tí ǹ bá ṣe nínú ẹ̀rín àti ẹkún. Àwọn méjèèjì ti ń fi ìkíni lé ara wọn láti ọjọ́ yìí wá, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n ń lé òun. Bàbá gbé fóònù fún arúgbó.

"Èéjì wà lókè," arúgbó wí. "Ó fẹ̀ dáadáa. Ó sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo dúró sẹ́yìn ẹni tó ń ya àwòrán, tí mò ń yọ ahọ́n sí i."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àbúrò mi ti parí iṣẹ́. A gbé àwòrán náà lọ ní ọjọ́ Sátidé, ó ti wà nínú férémù. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni ilé wọn wà, páálí bàtà kún ọ̀nà títí dé ẹnu ìlẹ̀kùn yàrá. Bàbá Oníbàtà wo àwòrán náà, ó fìdí mọ́lẹ̀ lórí àpótí tí àwọn oníbàárà fi ń dán bàtà wò. Ó la ẹnu sílẹ̀. Èéjì kan náà ló wà lẹ́nu tirẹ̀.

Ó gbé e fún arúgbó. Arúgbó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún nà án jìnnà.

"Ẹ tan iná," ló wí.

Iná wà ní títàn.

Àbúrò mi kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà."

"Oṣù tó kọjá mo ṣì ń rí ìka ọwọ́ mi. Kí ló dé tó ò béèrè, ọmọ mi?"

"Mò ń kí wọn ni, mà."

Arúgbó mi orí. Kò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó ní kí àbúrò mi sọ ohun tó wà nínú àwòrán náà fún òun. Àbúrò mi sọ ọ́, ó fi ẹkún sọ ọ́: gèlè tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, èéjì, ẹ̀rín. Arúgbó ń sọ pé, "Òun ni. Òun gan-an ni." Lẹ́yìn náà ó yí àwòrán náà kọjú sí wa, ó gbá a mọ́ àyà kí àwa náà lè wò ó.

Àwòrán náà dorí kodò. Bàbá Oníbàtà rí i, àbúrò mi rí i, èmi tí mo lẹ́nu jù náà rí i. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un nínú wa. A ní ó dára gan-an, a sì kí wọn kú oríire.