Omi Èèpo Edé Sèínábù

Láti ìgbà tí Sèínábù ti ń ṣiṣẹ́ ní làbó kan, ilé ìwádìí, ní Sokodé, orúkọ ẹlòmíràn kò sí lẹ́nu bàbá rẹ̀, Bàbá Sàkáríyà, mọ́. Ó kírun tán, Sèínábù. Ó ń jẹun, Sèínábù. Tàíbátù ẹ̀gbọ́n Sèínábù, tó ń gé èbù iṣu fún bàbá ní Kambolé láti ọdún mọ́kànlá, tó sì kọ́ Sèínábù bí a ti ń mú ọ̀bẹ, kò gbọ́ ju "o ṣeun" lọ.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, Sèínábù gbé omi kan wá nínú ike tí wọ́n ń pè ní bídọ́ọ̀nù. Ó ní wọ́n se èèpo edé títí ó fi di ohun tí à ń pè ní kitosáànù, wọ́n sì yọ́ ọ sínú omi. Àwọn bàkìtéríà, kòkòrò tí ojú kò lè rí, wà nínú ilẹ̀ ibi tí àwọn ẹlédé ń da èèpo sí ní Tchamba. Àwọn kòkòrò yìí ní oje kan tó ń gé kitosáànù wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń gé okùn. Àǹsíìmù ni Faransé ń pe oje náà. Bí èbù bá mu àwọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yìí, yóò gbára dì de ìjẹrà. Sèínábù ní òun ti po oje náà mọ́ omi. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì Jímọ̀, òun yóò rẹ èbù sínú rẹ̀ lójú àwọn àgbẹ̀ Koussountou. Bàbá pe gbogbo agbolé wá wo bídọ́ọ̀nù bí ẹni wo ọmọ tuntun.

Nígbà tí gbogbo ọkùnrin lọ kí Jímọ̀, Tàíbátù rò pé díẹ̀ lòun máa bù fún èbù tòun, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró títí bídọ́ọ̀nù fi gbẹ. Ó da èbù sínú omi náà nínú ìkòkò, ó sì bu eérú lé e, nítorí kò sí èbù tó ń wọlẹ̀ ní Kambolé láìfi eérú kùn ún. Omi náà dì bí wàrà tó bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àlejò láti Koussountou ti jókòó kí Sèínábù tó gbé bídọ́ọ̀nù tó fúyẹ́.

"Èmi ni mo dà á," ni Tàíbátù wí. "Mo fẹ́ kí tèmi náà dára."

Sèínábù yọjú sínú ìkòkò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé gbogbo yín lẹ máa ń fi eérú sí i?"

"Ta ni kì í fi sí i? Èmi ni mo kọ́ ọ. Àbí Sokodé ti gbà á lórí rẹ?"

Sèínábù dáwọ́ lérí. Ó ní eérú ń pa agbára oje náà, ó sì ń sọ kitosáànù tó ti yọ́ di líle padà. Ká ní àwọn ti pín in káàkiri láìmọ̀, gbogbo ilé ni ìbá bà á jẹ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì bẹ àwọn àlejò kí wọ́n fún òun lọ́sẹ̀ kan láti ṣe omi mìíràn.

"Ẹ wo ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Wíwò lásán, ó ti mọ ohun tó ṣe é."

Àwọn àgbẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ náà mọ̀wé. Tàíbátù gbé ìkòkò lọ sẹ́yìn ilé. Ó fi kànìnkànìn ha á, ó ha á, bí ẹni pé ojú Sèínábù ló ń ha.