Ife Kan Ṣoṣo Létí Sàréè

Ìjádé gbé dígà sókè, ó là á mọ́lẹ̀, ilẹ̀ pupa náà sì fọ́ bí ìkòkò. Ó fà á yọ, ó tún là á mọ́lẹ̀. Kòtò náà ti jìn dé èjìká rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ kan péré ló kù. Òógùn ń ṣàn láti ọrùn rẹ̀ wá sórí ikùn, ikùn ńlá náà ń mì ní gbogbo ìgbà tí irin bá balẹ̀, ìbòmú tó fi bo imú àti ẹnu sì ti rin gbingbin, ó lẹ̀ mọ́ ètè rẹ̀. Kò yọ ọ́.

"Gbẹ́ ẹ fẹ̀ dáadáa o!" Anicet ké sí i láti òkè. "Bí o kò bá gbẹ́ ẹ fẹ̀, o kò ní rọ́nà jáde. A ó kàn da iyẹ̀pẹ̀ bo ìwọ àti Bàbá pọ̀ ni."

Àwọn tó yí kòtò ká bú sẹ́rìn-ín. Anicet yìí ló fẹ́ àbúrò ìyàwó Ìjádé. Ó gbẹ bí ọ̀pá, ṣọ́bìrì rẹ̀ sì ti wà lábẹ́ apá rẹ̀ láti nǹkan bí wákàtí kan, kò tíì fi kó ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ kan.

"Anicet, sọ̀kalẹ̀ wá gba dígà."

"Níbo ni n ó dúró sí? Ìwọ nìkan ti kún un."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Èémí tí Ìjádé ì bá fi fèsì, ó fi gbé irin.

Ní ilé Ògúnjìnmí, ní Ìfàngní, àwọn ọkọ ọmọ ló ń gbẹ́ sàréè bàbá ìyàwó wọn. Bó bá ti ku ìgbọ̀nwọ́ kan, iṣẹ́ á dúró, àkọ́bí olóògbé á gbé ìgò ọtí sódàbì wá pẹ̀lú ife kan ṣoṣo. Òun á kọ́kọ́ fi ẹnu kàn án, kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé kò sí májèlé nínú ọtí náà, lẹ́yìn náà á gbé ife yẹn fún àwọn àna lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mu ún ti di ọmọ ilé. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ti kọ ilé náà sílẹ̀, lọ́jọ́ yẹn gan-an sì ni ìyàwó rẹ̀ á kó ẹrù padà sílé bàbá rẹ̀. Wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ife yẹn ni Ìjádé ti ń rò láti ìdájí.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni Bàbá Ògúnjìnmí fi wúkọ́ kó tó kú. Jósẹ́fù, àkọ́bí rẹ̀, ló ń gbé e dìde, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, ṣíbí kan náà tó fi ń tọ́ ọbẹ̀ wò ló sì fi ń bọ́ ọ. Wọn kò gbé bàbá náà lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní bí ènìyàn bá kú níbẹ̀, inú ọ̀rá ni wọ́n ń dì í sí, ọmọ kì í rí ojú bàbá rẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹfà, Jósẹ́fù náà ti ń wúkọ́. Ó ní èéfín ni.

Mọlémọlé ni Ìjádé, ó sì ti sanra láti ìgbà èwe. Ìwọ̀n ilé ìwòsàn kò kọjá ọgọ́fà kílò, nítorí náà orí ìwọ̀n àwọn tó ń ra ekùrọ́ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n: kílò mẹ́tàlélógóje. Àwọn tó ń ru àpò níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Odile, nọ́ọ̀sì, kò pàtẹ́wọ́.

"Ọ̀gá Ìjádé, ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ yín ga, ẹrù sì ti wà láyà yín tẹ́lẹ̀. Bí kòrónà bá wọ inú àyà yẹn, n kò ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí mo lè fi gbà yín níbí. Ẹ sá fún un."

Raphaël kò sá fún un ní tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ Ìjádé ni, ó ń ta sìmẹ́ńtì, òun náà sì tóbi. Ní ọjọ́ kẹrin àìsàn rẹ̀, ó pe Ìjádé lórí fóònù. "Ìjádé, afẹ́..." ló wí, kò sì lè parí ọ̀rọ̀ náà. Èémí rẹ̀ nìkan ni Ìjádé ń gbọ́, tó ń dún bí ayùn tó há sínú pákó tútù. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ṣú bá a láyé.

Láti ìgbà yẹn ni Ìjádé ti ń dá jẹun lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí ọwọ́ fi bó, tó ń jókòó sùn kó lè máa gbọ́ èémí ara rẹ̀. Nígbà tí àìsàn sì dá Bàbá Ògúnjìnmí dùbúlẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, kò jẹ́ kí Ọmọ́táyọ̀ ìyàwó rẹ̀ lọ tọ́jú bàbá rẹ̀.

"Ó tó!"

Ohùn Jósẹ́fù ni. Ìjádé fi dígà sílẹ̀. Jósẹ́fù dé etí kòtò pẹ̀lú ìgò àti ife. Ó wúkọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ọwọ́ náà nu aṣọ, ó sì fi ọwọ́ náà di ife mú. Ó bu ọtí, ó fi ẹnu kàn án. Ó gbé e fún Anicet, Anicet dà á sí ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan. Jósẹ́fù tún bu òmíràn, ó fi ẹnu kàn án, ó bẹ̀rẹ̀, ó nà án sísàlẹ̀.

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n," ni Ìjádé wí. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó fa ife rọ́bà kékeré kan yọ tó fi ọ̀rá wé. "Ẹ bá mi dà á sínú èyí. N ó mu ún tán lójú yín."

Láàárọ̀ tó ń di ife náà sínú ọ̀rá, ó rò pé òun ti gbọ́n. Bí gbogbo wọn ṣe yíjú sí ife náà báyìí ló mọ̀ pé òun ti ṣìṣe. Ẹni tó ń bẹ̀rù májèlé nìkan ló ń gbé ife tirẹ̀ wá síbi òkú ní ilé yìí.

"Ó gbé ife wá láti ilé!" obìnrin kan ké.

"Ìjádé," Jósẹ́fù wí, "ṣé èmi ni mo fẹ́ fún ọ ní májèlé jẹ? Létí sàréè bàbá mi?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ikọ́ yín ni. Ẹ wo bí ara mi ṣe rí. Bó bá mú mi, mo kú nìyẹn."

"Ara rẹ! Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi gbé bàbá wa mọ́ra. Ìwọ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀, kò rí i títí ó fi kú. Nítorí ọ̀rá inú rẹ!"

Ọmọ́táyọ̀ ti kúnlẹ̀ sórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀. "Bàbá Bùkúnmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà fi ètè kàn án. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbà mí lọ́wọ́ yín."

Ìjádé wo ife náà. Ètè Jósẹ́fù ṣì hàn létí rẹ̀.

"N kò lè mu ún, Táyọ̀."

Jósẹ́fù bẹ́ sínú kòtò. Ó fi ìka há ìbòmú Ìjádé, ó fà á ya, ó fi apá kan há a lọ́rùn, ó sì ń fi ife gún un lẹ́nu. "Wàá mu ún! Wàá mu ún lónìí!" Ife gbá eyín, ó fọ́. Àfọ́kù rẹ̀ ya ètè Ìjádé, ọtí sì ta ojú ọgbẹ́ náà bí iná. Jósẹ́fù ń wúkọ́ bó ti ń jà, itọ́ rẹ̀ ń fọ́n sí Ìjádé lójú, ó ń fọ́n sí i lẹ́nu. Ìjádé fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a ní ìhà, egungun dún. Anicet na ṣọ́bìrì láti òkè, ó fi gbá Ìjádé lẹ́yìn orí, ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọ etí rẹ̀.

"Ẹ pa á! Òun ló pa Bàbá!" ẹnì kan ké láàárín èrò.

Iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Nígbà tí ṣọ́bìrì tún balẹ̀, Ìjádé gbá a mú, ó fà á. Anicet tẹ̀lé e wọlé, ó fi ojú gún ilẹ̀ kòtò, imú rẹ̀ fọ́. Ìjádé di ìgbànú rẹ̀ mú, ó gbé e bí àpò sìmẹ́ńtì, ó jù ú síta. Ó yí padà sí Jósẹ́fù. Ó gbé e lu ògiri kòtò lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbé e lù ú, ó là á mọ́lẹ̀, ó sì jókòó lé e láyà pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀.

Ìgbà náà ló gbọ́ ọ. Ayùn nínú pákó tútù. Ẹnu Jósẹ́fù là sílẹ̀, nǹkan kan kò wọlé. Ojú rẹ̀ yọ síta, ètè rẹ̀ ń dúdú, ìka rẹ̀ ń wa ilẹ̀. Ìjádé kò rí ojú Raphaël nígbà tó ń kú lọ, ṣùgbọ́n ó ń wò ó báyìí, ó sì mọ ẹni tó jókòó sórí àyà náà.

Ó yí ara rẹ̀ kúrò. Ó gbé Jósẹ́fù jókòó, ó fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. "Mí. Rọra mí." Afẹ́fẹ́ wọlé fìì, Jósẹ́fù wúkọ́, ó bì. Ọkùnrin méjì fà á jáde. Kò sí ẹni tó ju òkúta mọ́.

Ìjádé fi ọwọ́ kan ètè rẹ̀: ẹ̀jẹ̀, ọtí, itọ́ ẹlòmíràn. Ohun tó ti ń sá fún láti oṣù mẹ́rin ti wọ ẹnu rẹ̀ láàárín ìgbà tí kò tó po àwo sìmẹ́ńtì kan. Ká ní ó mu ọtí náà ni, ẹ̀kúnẹnu kan péré ni ì bá jẹ́.

Ó mú dígà. Ó gbẹ́ ìgbọ̀nwọ́ tó kù tán, òun nìkan, kò yára, kò dúró. Ó fi ṣọ́bìrì Anicet kó iyẹ̀pẹ̀ jáde, ó gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún, ó ṣa àfọ́kù ife kúrò nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó má baà wà lábẹ́ ẹ̀yìn òkú. Ó fi okùn wọn jíjìn rẹ̀. Ó pé. Ó gun òkè, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, kò sì sí ẹni tó na ọwọ́ sí i.

Ọmọ́táyọ̀ ń bọ̀ wá bá a.

"Dúró níbẹ̀!" ni Ìjádé wí. "Má sún mọ́ mi. Abúlé oko ni mò ń lọ, ní Lagbé. Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Gbé oúnjẹ sórí kùkùté ọ̀nà, kí o padà. Bí o kò bá rí àwo òfìfo níbẹ̀ láàárọ̀, ọ̀dọ̀ Odile ni kí o sáré lọ. Má wọlé wá."

"Wọ́n ní n kì í ṣe ìyàwó yín mọ́."

"Ìwọ ńkọ́?"

Ọmọ́táyọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó mú ife rọ́bà náà nínú iyẹ̀pẹ̀ tí Ìjádé kó jáde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ dànù, ó fi sínú ìdí aṣọ rẹ̀.

"Fi ọṣẹ fọ̀ ọ́," ni Ìjádé wí.

Ó gbé dígà lé èjìká, ó fi ẹ̀wù bo imú, ó gba àárín ọ̀nà Lagbé lọ. Àwọn tó pàdé rẹ̀ yà fún un.