Eṣinṣin Ìdí Ilá

Ọdún tí ìjọba pààrọ̀ owó náírà ni Kíkẹ́, onídìrí ará Ògbómọ̀ṣọ́, gbin ilá sẹ́yìn balùwẹ̀ agboolé tó ń gbé ní Tudun Wada lókè Ọya, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí. Ọ̀ṣẹ́nì tó ń lẹ táyà, tí wọ́n jọ ń gbé agboolé náà, ń fẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti ń to táyà síbẹ̀. Malam Garba onílé ní òun ò fẹ́ ariwo: bí ilá bá so kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, ilẹ̀ di ti Kíkẹ́. Bí kò bá so, ó di ti Ọ̀ṣẹ́nì.

Ilá ń múra àtiyọ òdòdó ni kòkòrò dúdú wínníwínní bo ewé rẹ̀. Eṣinṣin kan tún wà níbẹ̀, ó kéré, ó ń dán bí idẹ tuntun, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́.

"Eṣinṣin yẹn ló ń yé wọn," Ọ̀ṣẹ́nì wí. "Omi ìdọ̀tí rẹ ló sì ń pè é."

Kíkẹ́ gbà á gbọ́. Ẹni tó bá ti rí ìdin lára ẹran rí yóò gbà á gbọ́. Ó fi yanrìn dí ojú omi lápá kan. Àwọn oníbàárà dé, ó fi apá kejì sílẹ̀.

Nígbà tó padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, eṣinṣin ti kúrò níbi gbígbẹ, kòkòrò ibẹ̀ sì ti pọ̀ sí i. Níbi tó tutù, ewé mọ́. Kíkẹ́ lóṣòó, ó tẹjú mọ́ ewé kan. Eṣinṣin kan sáré, ó gbá kòkòrò mú, ó ń jẹ ẹ́.

"Bọ̀dá Ọ̀ṣẹ́nì, ẹ wá wo ìyá tó ń pa ọmọ rẹ̀ jẹ."

"Mi ò ráyè."

"Ẹ ráyè gbà mí nímọ̀ràn."

Ó fi ṣọ́bìrì kó yanrìn kúrò. Omi dé, eṣinṣin tẹ̀ lé e, ilá yọ òdòdó.

Òjò ti ń ṣú bọ̀ láti ìhà Wamakko lọ́jọ́ tí Kíkẹ́ já ilá kún abọ́. Malam Garba ṣẹ́ ìdí ọ̀kan, ó ró pó.

"To, ó dáa," ó wí. "Kíkẹ́ ló ni ilẹ̀."

"Ilá yìí ò tiẹ̀ gùn," Ọ̀ṣẹ́nì wí.

Àmọ́ Lísì ìyàwó rẹ̀ ti na abọ́. Kíkẹ́ bù ú kún.

"Tètè sè é fún wọn," ó sọ fún Lísì. "Kí wọ́n yó dáadáa. Táyà wúwo."

Ọ̀ṣẹ́nì ń kó táyà rẹ̀ lọ nínú òjò. Kíkẹ́ dúró sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, ó ń nawọ́ sí èyí tó kù fún un.