Ẹ̀wù Aláìlórí

Iṣẹ́ mi ni pé mo ń ya ẹ̀rù ní fọ́tò. Ẹni tó bá fẹ́ á wá jókòó síwájú mi, á sọ ohun tó máa ń bà á lẹ́rù nígbà tó wà lọ́mọdé, èmi á fi igi, wáyà àti aṣọ ṣe é, n ó sì yà á. Onígbàjámọ̀ kan ní tòun ni kóòtù bàbá òun tó máa ń rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo fi kóòtù kọ́ ìṣó, mo ki òwú sínú ìbọ̀wọ́, mo jẹ́ kí ìka méjì yọ jáde lẹ́nu apá rẹ̀. Nígbà tí mo fi fọ́tò náà hàn án, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n dà á dojú bolẹ̀ ná.

Ẹ̀rù tèmi nìkan ni mi ò tíì yà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ń dúró dè, torí àwọn ló kó o bá mi.

Aránṣọ ni ìyá wa. Igi kan wà nínú yàrá ìránṣọ tí ìyá wa fi ń wo bí aṣọ ṣe máa rí lára èèyàn. Ó ní àyà, ó ní ìdí, kò ní orí, kò ní apá, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló fi dúró. Àǹtí Aláìlórí là ń pè é. Lọ́jọ́ kan tí ìyá wa lọ ra òwú, ẹ̀gbọ́n mi tì mí mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n gba ojú kọ́kọ́rọ́ sọ̀rọ̀ wọlé pé, "Tó o bá sunkún, á wá gba orí ẹ." Mo sunkún. Wọn ò ṣílẹ̀kùn. Ìyá wa ló wá ṣí i fún mi.

Títí mo fi hewú, ẹ̀gbọ́n mi ò sọ pé má bínú. Bí mo bá ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n á bú sí. "Olóríkunkun, ta ló fẹ́ gba irú orí yẹn?" Bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Èmi ò gbàgbé.

Ìyá wa ti lọ, ikán ti jẹ igi náà tipẹ́, yàrá ìránṣọ sì ti di ibi iṣẹ́ mi. Mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n wá ṣe Àǹtí Aláìlórí fún mi. Wọ́n dé lọ́sàn-án gangan. Mo fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. Mo ti gbé igi kan dúró, mo fi wáyà ṣe èjìká sí i lórí, mo sì gbé ẹ̀wù ìyá wa tó gùn dé ilẹ̀ kọ́ ọ. Ẹni tó bá wọnú rẹ̀, abẹ́ wáyà ni orí rẹ̀ máa wà. Kò ní rí wa, a ò ní rí i.

"Ó gbóná o," ẹ̀gbọ́n mi wí látinú ẹ̀wù. "Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ má mira."

"Tí mo bá kú síbí, òkú mi ò ní jẹ́ kó o sùn."

"Ẹ dákẹ́, ẹ̀gbọ́n. Aláìlórí kì í sọ̀rọ̀."

Gúlóòbù kan jó. Mo lọ wá òmíràn nínú yàrá kejì, mo sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i. Nígbà tí mo padà, ẹ̀wù náà dúró jẹ́ẹ́. Mo jókòó sídìí kámẹ́rà, mo ní kí n kúkú sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe torí fọ́tò nìkan ni mo ṣe pè yín. Ohun tí ẹ ṣe fún mi nínú yàrá yìí, ẹ ò bẹ̀ mí rí."

Ohùn kan wá jáde níbi ọrùn ẹ̀wù, ó gbẹ, bí aṣọ tí wọ́n ń rọra fà ya.

"Ẹ má bínú mọ́."

Inú mi dùn. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ nìkan, "ẹ" tún wà níbẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi tí kò sọ "ẹ" sí mi rí. Mo ní bóyá ewú orí mi ni wọ́n rò. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ò tó mi.

"Ẹ tún un sọ."

"Ẹ má bínú mọ́."

Ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn mi. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ife omi lọ́wọ́, òógùn lójú.

"Ooru yẹn ti pọ̀ jù, mo yọ jáde nígbà tó o lọ wá gúlóòbù. Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo fà wọ́n jáde, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo sọ ohun tí mo gbọ́. Mo ń retí ẹ̀rín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Mo rò pé ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún mi," mo ní.

"Èmi? Kí n sọ 'ẹ' sí ìwọ tí mo pọ̀n?" Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu wọn, kò ráyè. "Kì í ṣe ọ̀wọ̀ o. Àwa méjèèjì ló ń bẹ̀. Àwa méjèèjì ló bà lẹ́rù."

Wọ́n fara ti ògiri.

"Lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ ṣí i. Mo ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ nígbà tí mo gbọ́ tẹ́nì kan ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nínú ibẹ̀. Ó ní, 'Má sunkún mọ́.' Mo ṣe bí ìyá wa ni. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ìyá wa lọ́ọ̀ọ́kán, tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú òwú lọ́wọ́. Mo sá. Látọjọ́ náà, tó o bá ti mẹ́nu bà á, ẹ̀rín ló máa ń gbà mí. Bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tí n bá ṣe."

Èmi ò gbọ́ ohùn kankan lọ́jọ́ náà, ẹkún tèmi nìkan ni mo gbọ́. "Má bínú," wọ́n ní.

Kò sí "ẹ" níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé tiwọn gan-an nìyẹn. Mo gba ife, mo mu díẹ̀, mo dá ìyókù padà fún wọn.

"Wọlé lọ gbé kámẹ́rà ẹ."

"Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣíwájú."

"Ìwọ lọkùnrin."

A di ara wa lọ́wọ́ mú wọlé bí ọmọdé. Ẹ̀wù náà tí mo kọ ojú rẹ̀ sí kámẹ́rà ti yí padà. Ilẹ̀kùn ló dojú kọ.

"A ò bínú mọ́," ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un.

Kò mira. Wọ́n fún ọwọ́ mi. Ẹ̀wù náà mọ̀ pé èmi ò tíì sí nínú "a" yẹn. Mo ti gbé ìbínú náà láti kékeré. Ó wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n tèmi ni, ó sì ti mọ́ mi lára. Mo dúró títí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi fi tutù nínú tèmi.

"Èmi náà ò bínú mọ́," mo ní.

Ẹ̀wù náà rọra ń yọ̀ sílẹ̀, èjìká kan kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìkejì, bí ìgbà tí èèyàn bá ń bọ́ aṣọ kó tó lọ sùn. Ó ká jọ sílẹ̀. Wáyà nìkan ló kù lórí igi.

"Ìyẹn gan-an lò bá yà," ẹ̀gbọ́n mi rọra wí.

Kámẹ́rà wà níwájú mi. Mi ò fọwọ́ kàn án.