Fíúsì Ló Gbà Á Lọ́wọ́ Mi

Àwòdì ni gbogbo àdúgbò ń pe àfẹ́sọ́nà mi, nítorí bàálù oníjókòó méjì tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kàn lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀. Káfíńtà ni, èmi ni rewáyà tó ń fa iná rẹ̀. Ọdún méjì la fi ṣe é, ìfẹ́ wa sì ń rúwé láàárín pákó àti wáyà.

Bírékà ló kọ́kọ́ fẹ́ fún iná bàálù náà, kó tò wọ́n síwájú ara rẹ̀, kó lè máa tẹ èyí tó bá já padà. Mo ní rárá o. Ohun tó bá já lójú ọ̀run, ìdí ló ní. Wáyà tó ń gbóná kì í pariwo kó tó jó. Fíúsì ni mo yàn, èyí tó bá ti jó kò ṣeé tẹ̀ padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èmi lòun fẹ́ fẹ́, kì í ṣe fíúsì, ohun tí mo bá ti sọ labẹ gé.

Ojú ìyá rẹ̀ ń kú lọ. Dókítà ní agbára káká ni ìmọ́lẹ̀ tó kù níbẹ̀ fi máa lo ọ̀sẹ̀ méjì. Màmá ò tọrọ ju ohun kan lọ: kóun rí ọmọ òun lókè.

Ọ̀gá tó máa yẹ bàálù náà wò ń bọ̀ lọ́la, kò sì ní jẹ́ kó gbéra láìsí ìfọwọ́sí ẹni tó fa wáyà. Mo ṣí àpótí fíúsì. Níbi tí mo fi fíúsì oní-áńpù márùn-ún sí fún pọ́ǹpù epo, oní-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo bá. Àwòdì ní oní-márùn-ún ti jó lẹ́ẹ̀mejì, pọ́ǹpù sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́.

Mo ní kì í ṣe pọ́ǹpù ni fíúsì ń ṣọ́, wáyà ni. Wáyà tín-ín-rín yẹn á ti jóná tán kí fíúsì ńlá tó mọ̀. Èmi ni mo ṣì í, mi ò mọ̀ pé pọ́ǹpù náà á fa iná tó bẹ́ẹ̀. Ká tó lè pààrọ̀ wáyà sí èyí tó nípọn, àfi ká tú apá bàálù kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Màmá ò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ló wí. "Fọwọ́ sí i, ìfẹ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa yí po."

"Mi ò lè fọwọ́ sí pósí ẹ."

Ó pa àpótí fíúsì dé, ó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀.

Ọ̀gá náà dé, kò rí ìfọwọ́sí mi, ó padà. A tú apá náà, mo fa wáyà tuntun. Àwòdì ń bá mi mú iná tọ́ọ̀ṣì, àmọ́ kò wojú mi. Kí a tó parí, ilẹ̀ ti ṣú bá ojú Màmá.

Mo fọwọ́ sí i, ọ̀gá náà sì gbà. Lọ́jọ́ tí Àwòdì fò, Màmá di ọwọ́ mi mú létí pápá. Ó bi mí bí bàálù ṣe tóbi tó lójú mi. Mo ní bí ẹyẹlé. Ó tún bi mí. Mo ní bí eṣinṣin. Ó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín sí ibi tí bàálù ò sí.

Àwòdì balẹ̀ láyọ̀, ó sáré wá dì mọ́ ọn.

"Ìyàwó mi ló ro gbogbo ẹ̀ fún mi," ni Màmá wí.

Àwòdì rọra tú ọwọ́ ìyá rẹ̀ kúrò nínú tèmi.

"Màmá," ló wí, "rewáyà ni."