Ìwádìí Nílé Onídàájọ́

Láti àárọ̀ ni Ògúnlẹ́yẹ kò ti lè jókòó sójú kan, bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ìyá Fàsílátù ń bọ̀ láti Òrò. Òun ni ìyá àgbà Gbóyèga tó fẹ́ fẹ́ Ṣèyí, ọmọ Ògúnlẹ́yẹ, ìwádìí ẹbí ló sì ń bá bọ̀. Bí màmá yìí bá sọ pé ilé yìí kò wu òun, ìgbéyàwó ti fọ́ nìyẹn.

Kì í ṣe pé àrùn burúkú wà nílé wọn. Bàbá ńlá wọn ni ìṣòro. Láyé àwọn ajẹ́lẹ̀, òun ni onídàájọ́ àdúgbò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó parí ìjà ààlà, kó sì gba ti aláìlágbára rò. Tirẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ó ń jẹ iṣu olùpẹ̀jọ́, ó ń jẹ iṣu ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Ẹni tí iṣu rẹ̀ bá kéré ló jẹ̀bi. Ó kan àbà, igi tí wọ́n fi ń de ẹlẹ́wọ̀n, mọ́ ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀ nítorí pé kò fi oko rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ onídàájọ́. Ẹsẹ̀ náà kò gún mọ́ títí ó fi kú. Ìran ọkùnrin yẹn gan-an ni Gbóyèga.

Ọlánípẹ̀kun, àbúrò Ògúnlẹ́yẹ, ti pè láti Èkó: "Bùọ̀dá mi, ẹ má sọ ọ́ o. Ta ló tún ń rántí?" Ẹ ò rí ọ̀rọ̀? Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ìyá Fàsílátù sọ̀ lórí ọ̀kadà, ó mu omi, ó jókòó. Kó tó béèrè ohunkóhun, Ògúnlẹ́yẹ ti dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, bàbá ńlá wa ló kan àbà mọ́ bàbá ńlá yín lẹ́sẹ̀. Ó ṣèkà. Ojú ń tì wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Ṣèyí jìyà rẹ̀."

"Ẹ dìde, Bàbá Ṣèyí. A ti mọ̀ tipẹ́. Àmọ̀pé, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó onídàájọ́, ló ń gbé ẹ̀kọ wá fún bàbá wa nínú àbà, lọ́sàn-án gangan, lójú ọkọ rẹ̀. Ọkọ lù ú, síbẹ̀ obìnrin náà kò ṣíwọ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó jókòó ti àbà náà, ó ní kí wọ́n kan òun náà mọ́ ọn. Ìtìjú yẹn ló jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tú bàbá wa sílẹ̀. Ohun tí mo wá wádìí ni pé, ṣé ọmọ Àmọ̀pé ni yín, àbí ọmọ àwọn orogún rẹ̀?"

Ògúnlẹ́yẹ dìde jókòó. Wọn kò ka Àmọ̀pé sí ẹni rere nílé wọn.

"Àmọ̀pé ló bí bàbá bàbá mi. Ṣùgbọ́n Àmọ̀pé olórí kunkun la máa ń pè é. Ọmọ tí kò bá gbọ́ràn, òun la fi ń bú u."

"Ṣé ẹ fi bú Ṣèyí rí?"

"Lójoojúmọ́, Ìyá."

Ìyá Fàsílátù gbé ife omi náà, ó mu èyí tó ṣẹ́kù.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ dá ọjọ́ ìdána."